Ta ló yẹ kó bẹ ọlọ́mọlanke, ọmọ ni àbí èmi?

Ìbéèrè tó wọlé:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin wà lọ́dọ̀ mi ní Kàbbà láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ọmọ ọdún 18 ni, Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ó ti ṣe WAEC, ó ń retí JAMB. Kì í jalè, kì í mu sìgá, kì í sì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Ẹnu rẹ̀ ni ìṣòro. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, mo ní kó tẹ̀lé ọlọ́mọlanke tó máa ń bá mi kó ẹrù lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá náà á ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Nígbà tí wọ́n ń gun òkè, bàbá dúró kó mí díẹ̀, ni ọmọ yìí bá pariwo mọ́ ọn láàárín ọjà: “Ṣé o ò jẹun ni? Tí o ò bá lè ṣe é, gbé e fún ẹni tó lè ṣe é!” Ló bá já ọmọlanke gbà. Ó dojú dé, apẹ̀rẹ̀ tòmátì ẹlòmíràn tó wà nínú ẹrù náà sì fọ́n sílẹ̀. Mo san owó tòmátì. Mo lọ kúnlẹ̀ fún bàbá, mo ní ọmọdé ló ń ṣe é. Bàbá ní kò sí nǹkan. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ti ń rìn káàkiri ilé mi bí ẹni tí kò ṣe ohunkóhun. Bàbá rẹ̀ ní kí n nà án. Ọkọ mi ní kí n dá a padà sí Èkó. Kí ni kí n ṣe?

* * *

Ẹ̀gbọ́n, okun o (bí a ṣe ń kíni nílẹ̀ wa nìyẹn). Tòmátì kọ́ ló dùn mí nínú ohun tí ẹ kọ yìí, ìkúnlẹ̀ yín ni.

Ọmọ dá ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀yin kúnlẹ̀. Ọmọ da ọjà ọlọ́jà nù, ẹ̀yin sanwó. Kí ló wá kù fún òun láti ṣe? Ó dúró, ó ń wò yín, ó rí i pé àgbà méjì ti parí ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, ó bá mú fóònù rẹ̀. Lọ́mọ ọdún 18, èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún ní bàbá ní kò sí nǹkan. Oníbàárà rẹ̀ ni yín. Lọ́jọ́ ọjà, owó tó ń gbà lọ́wọ́ yín wà lára ohun tó ń rò kó tó kúrò nílé. Kí lẹ fẹ́ kó sọ fún yín ní ojú yín? Èèyàn kì í sábà fi ibi tó ń dùn ún han ẹni tó ń fún un níṣẹ́. Ẹ má tíì ka “kò sí nǹkan” yẹn sí ìdáríjì.

Mo bi yín léèrè kan, kí n tó sọ̀rọ̀ jù: báwo ni ọmọ yìí ṣe ń kí olùṣọ́ àgùntàn yín?

* * *

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ̀yin òǹkàwé ti kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí láti àárọ̀. Kí n kó o jọ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Àwọn tó pọ̀ jù ní kí wọ́n nà án. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, wọ́n nà mí tó. Ohun tí ẹgba kọ́ mi ni bí a ṣe ń fi ojú wọn èèyàn, ká mọ ẹni tó lè na ni yàtọ̀ sí ẹni tí kò lè na ni. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lágbára. Àwọn yòókù, mo fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ wò ó, ọlọ́mọlanke ò lè na ọmọ yìí. Ibẹ̀ gan-an ló ti já a lulẹ̀.

Àwọn kan ní kó padà sí Èkó, pé Èkó ló bà á jẹ́. Mo ní ọmọọṣẹ́ méjì láti Èkó rí, wọ́n mọ èèyàn pọ́n lé ju ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn ilé mi lọ. Ẹ fi Èkó sílẹ̀.

Bàbá kan kọ ọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń sùn sí ni oògùn rẹ̀, ó ní ká wo àwọn tó jáde ní Titcombe ní Ẹ̀gbẹ́ láyé àtijọ́. Òótọ́ ni pé láti 1951 tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ yẹn sílẹ̀, àwọn èèyàn gidi ti tibẹ̀ jáde káàkiri ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi. Ṣùgbọ́n bàbá, ọmọ yìí ti ṣe WAEC tán. Kíláàsì wo lẹ fẹ́ fi í sí? Yàtọ̀ sí ìyẹn, èmi náà sùn sílé ẹ̀kọ́ (kì í ṣe ibẹ̀). A ń fọ aṣọ fún àwọn tó ṣáájú wa, a ń ka ọjọ́ tí àwa náà á dé ipò wọn ká lè fìyà jẹ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Sùúrù ni a kọ́ níbẹ̀ o, sùúrù ẹni tó ń dúró de ẹ̀san.

Àwọn tó ní ká gbàdúrà: àmín. Ẹ jẹ́ ká máa bọ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n ti dáhùn ìbéèrè mi. Ó ní bí olùṣọ́ àgùntàn bá wọlé, ọmọ á dìde, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á tún gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní alága àdúgbò tó ń gun jíìpù náà, “ẹ káàárọ̀ sà” ni.

Ẹ ò rí i? Ọmọ yìí mọ ìkíni. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹni tí yóò kí ló ń ṣà.

* * *

Ọ̀rọ̀ “ẹ” àti “o” tí ẹ gbé wá ń fẹ́ gba ojú ọ̀nà mọ́ wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè fò ó.

Ẹnì kan tí kì í ṣe ará ibí kọ ọ́ pé kí la fẹ́ kí ọmọ kọ́ ní Kàbbà, ṣebí àwa Okun fúnra wa kì í pe àgbà ní “ẹ̀yin”. Ó rò pé òun bú wa. Nílé wa ní Ìjùmú, àwọn àgbàlagbà tí mo bá, tí wọ́n bá ń sọ ẹ̀ka èdè wa láàárín ara wọn, ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún ìyá tó bí wọn. Ìyá náà kò bínú. Ọmọ kan náà tó ń pe ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní jókòó kí ìyá máa fa omi. Kò ní jẹ́ kí ìyá gbé igi wọ ilé. Àwọn ará Èkìtì tí a jọ pààlà mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo jìyà rẹ̀ nígbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Ìbàdàn. Ọjọ́ kejì tí mo dé, mo bá ìyá ọ̀gá mi lẹ́nu ọ̀nà, mo fi ọ̀yàyà béèrè pé, “Màmá, ṣé o sùn dáadáa?” Ìgbátí tí mo gbọ́, ẹ̀yìn mi ló ti wá. Ọ̀gá ni. Mo ti gbá àgbàlá kí n tó kí màmá, mo ti pọnmi kún àmù, kò sẹ́ni tó rí ìyẹn. “O” ni wọ́n gbọ́. Ní oṣù kan, mo ti ń sọ “ẹ” bí ọmọ Ọ̀jà’ba. Mo sì tún rí ọmọọṣẹ́ kan níbẹ̀ tó ń pe ọ̀gá ní “ẹ̀yin” lójú, tó ń jí ìṣó rẹ̀ tà lẹ́yìn.

Nítorí náà, kí ọmọ tó ti Èkó wá máa sọ “ẹ” fún bàbá ọlọ́mọlanke, ó dára, èdè tí wọ́n fi tọ́ ọ nìyẹn, ó mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó yọ ọ́ kúrò lẹ́nu. Ohun tó jẹ́ kí “Ṣé o ò jẹun ni?” burú nìyẹn. Bí ọmọ Ìyàrà bá sọ ọ́ lédè ilé, mo lè má fetí sí “o” rẹ̀, mo á fetí sí “jẹun” yẹn.

(Ẹ̀gbọ́n ní nígbà tí ọmọ kọ́kọ́ dé, àwọn èèyàn ń kí i ní “okun” lójú ọ̀nà, ó wá ń béèrè nílé pé okùn wo ni gbogbo ìlú ń wá. Mo rẹ́rìn-ín títí. Owé, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀, ìkíni kan yìí la fi ń mọ ara wa, ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà, ẹni tọ́fọ̀ ṣẹ̀, gbogbo wọn là ń kí ní okun. Kì í béèrè ọjọ́ orí. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ìyẹn.)

* * *

Ẹnì kan bi mí ní ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó gùn díẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹran lórí iná, kó lọ yí i ná.

1993 ni. Ọdún méjì ṣẹ́yìn ni wọ́n yọ wa kúrò lára Kwara, tí a di Kogi. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 17, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́, kò sì sí ẹni tó gbọ́n tó mi ní gbogbo Ìjùmú. Bàbá mi ní oko kajú. Ọkùnrin kan láti ìhà Òkéńè ló ń bá a mójú tó o, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí èmi àti ẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́. Ara bàbá mi kò yá lọ́dún náà, wọ́n gbé e lọ sí Ìlọrin láàárín ìgbà kajú, ó ní kí n máa bójú tó oko.

Mo gbọ́ “bójú tó” sí ìjókòó lábẹ́ igi. Mo mú ìwé àti gègé lọ́wọ́, mò ń kọ iye apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá gbé dé. Mi ò pe ọkùnrin náà lórúkọ. “Ìgbìrà” ni mo ń pè é. Ìgbìrà, gbé tibí. Ìgbìrà, ó ti pẹ́ tí o lọ. Ẹ̀bìrà ni wọ́n ń pe ara wọn, mo mọ̀. Ó lé ní ogójì ọdún, ọmọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mò ń pè é bẹ́ẹ̀.

Kajú kì í ṣe ọsàn tí à ń ká lórí igi. Ẹ máa ń jẹ́ kó já fúnra rẹ̀, ẹ ó ṣà á nílẹ̀, ẹ ó yí kóró kúrò lábẹ́ èso, ẹ ó sì sá kóró sóòrùn fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kẹ́ ẹ máa yí i padà. Èmi fẹ́ rí owó kí bàbá mi tó dé, kó lè mọ̀ pé mo di ọkùnrin. Ọjọ́ kejì tí a sá èyí tó pọ̀ jù, ojú ọjọ́ ṣú, oòrùn ò mú. Ní ìrọ̀lẹ́, mo ní ká dì í. Ọkùnrin náà mú kóró kan, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, ó fi hàn mí: èékánná wọlé. Ó ní tó bá gbẹ, èékánná kò ní ràn án. Ó mú òmíràn, ó mì ín sí etí mi, kò dún. Ó ní ká fún un ní ọjọ́ méjì sí i. Mo ní ta ló bi í.

Ó tún ní tí a bá máa dì í dandan, ká wá àpò tí wọ́n fi ń di kòkó, èyí tí atẹ́gùn ń gbà inú rẹ̀ kọjá. Àpò ajílẹ̀ onírọ́bà wà nílẹ̀, ti ọ̀fẹ́, mo ní òun la ó lò. Ó dì í bí mo ṣe wí. Kò jiyàn.

Oníbàárà dé lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ki ọwọ́ bọ àpò àkọ́kọ́, ó yọ ọ́ kíá, inú àpò ń gbóná bí ẹ̀bà. Ó la kóró díẹ̀ sí méjì, inú wọn ti dúdú, òmíràn ti hu funfun. Ó dárúkọ owó kan tí mi ò ní kọ síbí. Kò tó ìdajì ohun tí mo ti ná lọ́kàn.

Bàbá mi dé. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, ó ní oòrùn ò mú lọ́dún yìí, ọ̀gá, a dì í ní tútù. *A* dì í. Ọmọ rẹ̀ gbójú sókè, ó wò mí.

Ẹ ó rò pé ibẹ̀ ni mo ti yí padà. Rárá. Inú bí mi sí i! Mo kórìíra rẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan nítorí pé ó bò mí láṣìírí. Mi ò fẹ́ jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ìgbà tí kajú ọdún kejì ń bọ̀ ni bàbá mi pinnu pé èmi ni màá ṣe iṣẹ́ oko, mo bá lọ bá a pé kó kọ́ mi. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó fún mi ní apẹ̀rẹ̀, ó ní kí n tẹ̀lé ọmọ òun. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣa kóró lẹ́yìn ọmọ tí mo ti ń pàṣẹ fún. Òróró inú èèpo kajú máa ń jó ni lára, àwọn kóró tó fọ́ nílẹ̀ bó mi lọ́mọ ìka. Ọmọ yẹn ló fi epo pupa pa á fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ iye ìgbà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ kí apẹ̀rẹ̀ kan tó kún, apẹ̀rẹ̀ tí mo jókòó tí mò ń fi gègé sàmì sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo lọ bá ọkùnrin náà nínú ahéré rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní bàbá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ọdún tó kọjá. Ó ní kí n dìde. Ó ní ohun tí mo ṣe sí kajú, kajú bàbá mi ni, kò kan òun. Ó ní ṣùgbọ́n orúkọ tí mò ń pe òun, ọmọ òun ń gbọ́ ọ. Ó ní kí n lọ sọ ohun tí mo wá sọ yìí níbi tí ọmọ òun wà.

Ẹ̀yin ará ibí, ìyẹn le ju ìdọ̀bálẹ̀ lọ. Mo sun ún síwájú fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo sọ ọ́, nídìí igi, lójú ọmọ náà àti àwọn òṣìṣẹ́ méjì mìíràn tó ti gbọ́ gbogbo “Ìgbìrà, gbé tibí” yẹn, ohùn mi ò jáde dáadáa. Ọmọ náà ní kò burú. Ó ń bá ṣíṣà rẹ̀ lọ.

Ìdí tí mo fi ń sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé ìkúnlẹ̀ rẹ̀ kò dé ibi tó yẹ kó dé nìyí. Nínú ọjà ni ọmọ ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn tí bàbá ń bá kó ẹrù gbọ́ ọ. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ti ọmọlanke bíi tirẹ̀, tí wọ́n ń du oníbàárà mọ́ ọn lọ́wọ́, gbọ́ pé kò lè ṣe é mọ́. Ẹ̀yin lọ bẹ̀ ẹ́ níkọ̀kọ̀.

* * *

Àríyànjiyàn dé, mo ti ń retí rẹ̀.

Ìyá kan láti Mọ̀pà ní mò ń ba àṣà jẹ́. Ó ní ọmọdé kì í dá lọ bẹ àgbà, pé àgbà ló ń mú un lọ́wọ́ lọ, nítorí bí ọmọ bá dá lọ, wọ́n lè ní kò ní ẹni. Ìyá, ẹ tọ̀nà, mo gba apá kan níbẹ̀. Kí Ẹ̀gbọ́n mú un lọ. Kó dúró tì í. Ṣùgbọ́n kó dákẹ́. Bí ó bá ti la ẹnu pé “ẹ bá mi foríjì í, ọmọdé ni”, ó ti tún gba iṣẹ́ náà ṣe.

Ẹlòmíràn ní kí ló dé tí ọmọ yóò fi lọ dójú ti ara rẹ̀ nínú ọjà, pé ìtìjú lè bà á jẹ́. Arákùnrin, ta ló kọ́kọ́ dójú ti ta nínú ọjà?

Ẹnì kẹta ní ọlọ́mọlanke náà kọ́ ni Ọbaro, ọba Kàbbà, kí la ń fi ṣe ariwo tó báyìí. Mo fẹ́ kí ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Àgbàlagbà ló kọ ọ́. Ẹ ń béèrè ibi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ ọ.

* * *

Ìyàwó mi ń ka gbogbo èyí léjìká mi, ó ní kí n sọ tirẹ̀ sí i. Nígbà tí ó dé ilé wa, ọmọ àbúrò bàbá mi kan wà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. “Ọkọ mi” ni ìyàwó ń pè é bí àṣà, kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ, nítorí ọmọ náà ti wà nílé kí ó tó dé. Nígbà tó fi máa di ọmọ ọdún 15, ó ti ń rán ìyàwó mi níṣẹ́. Ó ní ṣebí ọkọ rẹ̀ ni òun. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹnu rẹ̀ dùn. Ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fi orúkọ yẹn pọ́n ìdílé lé ni, òun ò fi ta ara òun fún ọmọdé.

Mi ò ní kí a pa àṣà náà tì. Mo kàn ń sọ pé ẹni tí a fi sípò kó tó mọ ohun tí ipò jẹ́, kí àgbà ilé má fi í sílẹ̀ láìsọ ìyókù fún un. Èmi gan-an wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n kọ ìyẹn náà.

* * *

Ẹni tó béèrè bóyá ọmọdé náà lè jẹ́ ẹni tí à ń bọ̀wọ̀ fún: bẹ́ẹ̀ ni, ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ẹ wá wò ó.

Ní ọ̀dọ̀ mi, ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni ẹ̀gbọ́n níbi iṣẹ́, ọjọ́ orí kọ́. Mo ní ọmọ ọdún 16 kan tó ti lo ọdún méjì, ó mọ ràndà tí a fi ń fá pákó pọ́n, ó mọ pákó ọ̀gánwó lójú. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún 24 kan wọlé lẹ́yìn rẹ̀, ó ti lọ polí, kò ríṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ kékeré yìí ti ń rán an lọ ra ẹ̀wà, ó tún kó aṣọ iṣẹ́ tirẹ̀ fún un kó fọ̀ ọ́. Àgbà yìí kọ̀ láti fọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Mo dá àgbà lẹ́bi! Mo ní bí wọ́n ṣe kọ́ èmi ní Ìbàdàn nìyẹn, mo ní kó fọ̀ ọ́. Ó fọ̀ ọ́.

Oníbàárà kan mú àwòrán kọ́bọ́ọ̀dù wá lọ́jọ́ tí mi ò sí níbẹ̀, gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ ni wọ́n fi mìlímítà kọ. Ọmọ kékeré gbà á, ó ń tẹjú mọ́ ọn, kò mọ̀ ọ́n kà, oníbàárà ń wò ó. Àgbà yìí sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye náà sókè bí ẹni pé ọ̀gá rẹ̀ kékeré ló ní kó kà á fún òun. Oníbàárà lọ, kò mọ nǹkan kan. Ọmọ kékeré fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Láti ọjọ́ náà kò fún un láṣọ fọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rán an lọ ra ẹ̀wà, àgbà náà sì ń lọ, torí pé títí a fi parí ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ ló ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ràndà. Èmi ni mo jẹbi jù níbẹ̀, ó sì tó oṣù mẹ́fà kí n tó sọ ọ́ fún un.

* * *

Ará Bùnú tó kọ̀wé nípa ìsìnkú àgbàlagbà tí wọ́n ta aṣọ pupa ìpo síta, tí àwọn ọmọ wá dúró níwájú rẹ̀ tí wọ́n ń ya ara wọn ní fóònù, tí wọ́n ń na ahọ́n jáde: mo gbọ́ yín. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹnì kan ti sọ fún wọn ohun tí aṣọ náà jẹ́. Tí wọ́n bá mọ̀ tí wọ́n sì ṣe é, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká padà sí ọlọ́mọlanke.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọmọ ti gbà láti lọ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, ó kàn ní kí lòun ó sọ. Ẹ má kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ má jẹ́ kó gbé ẹ̀bùn dání, ẹ̀bùn yín ni yóò jẹ́. Ohun tó ṣe ni kó dárúkọ: mo ní ẹ ò lè ṣe é, mo já a gbà mọ́ yín lọ́wọ́, mo da ẹrù yín nù. Níbi òkè yẹn gan-an. Lẹ́yìn náà kó béèrè bóyá bàbá á jẹ́ kí òun ti ọmọlanke láti ẹ̀yìn lọ́jọ́ náà. Bí bàbá bá ní rárá, kó máa bọ̀ nílé, kò sí ìbínú níbẹ̀. Bàbá kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ìdáríjì.

* * *

Mo rí ìròyìn yín lálẹ́ yìí. Ẹ ní bàbá kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ ní ó gbọ́ ọ tán, ó ní “okun”, ó sì na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ọmọlanke. Ẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n gun òkè náà, ní ẹ̀ẹ̀kẹta ọmọ yín ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n dúró kí òun mí. Ẹ ní àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́mọlanke rẹ́rìn-ín, bàbá ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ wá ń béèrè bóyá bàbá ń gbẹ̀san ni, nítorí ọwọ́ ọmọ ti lé ròrò. Ẹ̀gbọ́n, bàbá náà ń gun òkè yẹn ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Ẹ fi òrí pa á. Ẹ má jẹ́ kó fi abẹ́rẹ́ tú u, omi inú rẹ̀ á gbẹ fúnra rẹ̀. Tí ó bá lọ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kó fi àkísà wé ọwọ́ igi ọmọlanke. Bàbá á fi bí wọ́n ṣe ń wé e hàn án.

Ẹ ò sì tíì sọ fún wa iye tí ẹ san lórí tòmátì. Ṣé ó mọ iye náà?